Amúkùn-ún, Ẹrù Rẹ Wọ́

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé ẹnì kan rí amúkùn-ún tí ó ru ẹrù, ó sì ké sí i pé, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́!" Amúkùn-ún náà dá a lóhùn pé òkè ni ó ń wò, kò wo ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ju ẹ̀rín lọ. Ẹrù tí ó wọ́ lórí ni gbogbo ayé rí. Ẹsẹ̀ tí ó mú un wọ́ kò hàn sí wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú ìgbésí ayé ẹ̀dá. Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn lójoojúmọ́, tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́ ní ẹni ogójì ọdún, tí kò lè kọ lẹ́tà kí ó já gaara, tàbí tí ó sanra ju bí ó ti yẹ lọ nítorí pé ó ti sá fún ìrìn àti eré láti kékeré, òkè ni àwọn ènìyàn ń wò lára rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́ tàbí ní kíláàsì kejì, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì bìkítà.

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó jẹ àwọn ènìyàn ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lógún púpọ̀. Láti Òkìtìpupa dé Igbótakó, láti Ìlútitun dé Òde-Ìrèlè, agbára ara ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi ń jẹun. Ẹni tí yóò kọ ẹyìn ní láti fi igbà gun ọ̀pẹ, igbà kò sì mọ ojú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ràn. Ẹni tí yóò ṣe púpurú ní láti wu ẹ̀gẹ́ lóko, kí ó rù ú wálé, kí ó rẹ ẹ́ sínú omi, kí ó fún omi rẹ̀ dànù, kí ó mọ ọ́n ní roboto bí ọmọ ayò ńlá, kí ó sì jókòó ti iná àti èéfín títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá mú un dé ìhà odò gbọ́dọ̀ lè dúró nínú ọkọ̀ kékeré láìṣubú. Nínú irú ayé bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbọ́ àṣẹ rẹ̀ dáradára kò pàdánù eré òṣùpá nìkan. Iṣẹ́ tí ì bá fi bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó tó mọ orúkọ tí iṣẹ́ ń jẹ́.

Kì í ṣe pé àwọn ìyá kò mọ bí wọ́n ti ń ṣọ́ ìdàgbàsókè ọmọ. Wọ́n mọ ìgbà tí ọrùn ọmọ yóò le, ìgbà tí yóò jókòó, ìgbà tí yóò rákòrò, ìgbà tí yóò di ògiri mú tí yóò sì dìde. Gbogbo agboolé ni ó sì máa ń pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tí ó bá ń ṣe tẹ́ẹ̀tẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ṣọ́ ọmọ báyìí ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Gánà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì ìwádìí náà jáde ní 2006, wọ́n fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ tí ara wọn pé ni ó ti dá jókòó kí wọ́n tó pé oṣù 10, tí wọ́n sì ti dá rìn kí wọ́n tó pé oṣù 18. Ọmọ tí ó bá kọjá àkókò yìí lè má ní àrùn kankan, ṣùgbọ́n ó ti tó ẹni tí wọ́n ń gbé lọ bá dókítà, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbé pamọ́ sí ìyẹ̀wù.

Ohun tí ó ń ba nǹkan jẹ́ ni gbólóhùn méjì tí ó ti di àmúsọ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Èkíní ni, "Yóò fi sílẹ̀ bí ó bá dàgbà." Èkejì ni, "Bí Ọlọ́run ti dá a nìyẹn." Ẹni tí ó sọ ti àkọ́kọ́ ní ìrètí jù; ẹni tí ó sọ ti ìkejì kò ní ìrètí rárá; ṣùgbọ́n ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí, ọmọ kò sì rí ìtọ́jú gbà lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń yí ojú sí ìyá ọmọ, tí wọn a máa bèèrè ohun tí ó ṣe ní ìkọ̀kọ̀ tí ilẹ̀ fi ń bá a jà. Ní àyíká ibi tí orúkọ Ayélála ti ń dẹ́rù ba òdaràn, irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ wúwo lọ́rùn obìnrin ju ẹrù igi lọ, ìyá mìíràn a sì yàn láti fi ọmọ pamọ́ ju kí ó gbé e jáde fún àwọn ènìyàn láti wò. Àwọn baba ńlá Yorùbá kò ronú báyìí ní gbogbo ìgbà. Wọ́n pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, wọ́n sì ka ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ sí ẹni tí ó ń fi Ọbàtálá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí wọ́n ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ́jú ẹni òrìṣà.

Nínú gbogbo àrùn tí ó ń sọ ọmọ di arọ, rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni ó lókìkí jù. Kòkòrò rẹ̀ ń gba ẹnu wọlé, nípa omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ènìyàn ti kàn. Nínú bí 200 ènìyàn tí ó bá wọ̀ lára, bí ẹnì kan péré ni apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ, ṣùgbọ́n rírọ náà kì í ṣeé wò sàn. Ní ọdún 1955 ni wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Jonas Salk ṣe ń dènà àrùn náà. Kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn èyí tí Albert Sabin fi ṣe èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Síbẹ̀, ní 2012, ọmọ 122 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, iye tí ó ju ìdajì gbogbo èyí tí wọ́n rí ní àgbáyé ní ọdún náà lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera rìn láti ilé dé ilé, láti oko dé oko, wọ́n sì fi yíǹkì sàmì sí ìka ọmọdé títí apá fi ká a. Ní 2016, ní ìpínlẹ̀ Borno, ni wọ́n rí èyí tí ó kẹ́yìn nínú àrùn ti àdánidá. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni irú kan tí ó máa ń yọ láti ara àjẹsára alákán-sẹ́nu fúnra rẹ̀ ní àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba àjẹsára. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò tíì gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń kan àjẹsára kiri.

Ìkéde ti 2020 mú inú gbogbo ènìyàn dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí àrùn náà mú ní 1975 tàbí 1985 kò bá àrùn náà lọ. Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ti di baba àti ìyá, aránṣọ àti oníbàtà, olùkọ́ àti akọ̀wé. Ara wọn ni ó sì yẹ kí ènìyàn ti kọ́ ẹ̀kọ́ pé ohun tí ó ṣe ọmọdé lè dúró de àgbàlagbà lójú ọ̀nà. Láàárín ọdún 15 sí 40 lẹ́yìn tí àrùn náà ti lọ, bí 25 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó mú ni ó tún máa ń rí àìlera tuntun: ẹsẹ̀ tí ó ti ń gbé wọn tẹ́lẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, oríkèé a máa ro wọ́n, àárẹ̀ a sì máa mú wọn lẹ́yìn iṣẹ́ díẹ̀. Kòkòrò kò padà wá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ oko. Bí baálé kan bá ní alágbàṣe mẹ́wàá, tí márùn-ún sì kú lọ́jọ́ kan, márùn-ún tí ó kù lè gba iṣẹ́ mẹ́wàá ṣe, oko kò sì ní kún. Ẹni tí ó bá ń gba ojú ọ̀nà kọjá kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, àwọn márùn-ún náà yóò gbó ṣáájú ọjọ́. Báyìí ni àwọn okùn tín-ín-rín tí ń gbé àṣẹ láti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí iṣan ara ṣe máa ń rí. Èyí tí ó yè nínú àrùn ni ó ya ẹ̀ka sí ibi tí èyí tí ó kú fi sílẹ̀, òun ni ó sì ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, àṣìṣe ni kí àwọn ènìyàn máa yin arọ nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ ju ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ. Ìyìn náà dùn létí, àmọ́ ó ń jẹ egungun. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ rìn, tàbí tí ó gbé gbogbo ara lé igi ìrìn láti ọmọ ọdún mẹ́fà, èjìká rẹ̀ ni ó ń ná bí owó. Kẹ̀kẹ́ arọ kì í ṣe àmì pé ó ti juwọ́ sílẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀nà láti fi èjìká pamọ́ de ọjọ́ alẹ́. Kí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ó sinmi díẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ara òun wúwo jù, ìyẹn sàn fún un ju ìyìn lọ. Èyí kò sì túmọ̀ sí pé kí ó jókòó lásán. Lucy Ejike, ọmọ Nàìjíríà tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré, gba wúrà nínú gbígbé irin ní ìdíje Paralympics ní 2004, ní 2008 àti ní 2016. Irin tí ó ń gbé ní olùkọ́ tí ń wọ̀n ọ́n, ìsinmi rẹ̀ sì ní àkókò. Ìyàtọ̀ wà láàárín èyí àti ẹni tí a fi sílẹ̀ kí ó máa wọ́ ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ olókùúta lọ sí ọjà.

Ìtàn Wilma Rudolph ti Amẹ́ríkà yẹ ní kíkọ́ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo, kì í ṣe nítorí òpin rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, bí kò ṣe nítorí àárín rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1940 sí ìdílé tálákà tí ọmọ pọ̀ níbẹ̀. Àrùn yìí kan náà mú ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì. Ìyá rẹ̀ kò ní mọ́tò. Bọ́ọ̀sì ni ó ń wọ̀ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ní Nashville, ọ̀nà tí ó tó bí máìlì 50, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún pípẹ́. Ní ilé, ìyá àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa pín ẹsẹ̀ náà wọ́ láàárín ara wọn lójoojúmọ́. Irin ni ó so mọ́ ẹsẹ̀ títí ó fi tó bí ọmọ ọdún 12. Ní Róòmù ní 1960, ó gba wúrà mẹ́ta nínú eré sísá. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí ó rọ ni ọwọ́ lè wọ́ títí yóò fi sáré bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì ṣèlérí ìyẹn fún òbí kan ń tan án jẹ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wíwọ́ àti ìrìn bọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣòfò, ìbáà ṣe pé ìrìn dé ọjà nìkan ni ọmọ yóò lè rìn nígbẹ̀yìn.

Àwọn mìíràn wà tí a kì í fún ní orúkọ kankan. Ọmọ tuntun tí kò sunkún kíákíá nígbà tí wọ́n bí i, tàbí èyí tí ibà pọ́njú mú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, lè jìyà nínú ọpọlọ. Oòrùn àárọ̀ àti omi gúlúkóòsì tí àwọn ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé kò tó fún irú ibà pọ́njú tí ó bá le. Iná aláwọ̀ aró ti ilé-ìwòsàn ni ó ń fọ̀ ọ́ kúrò lára, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́mọbìnrin mọ̀ kí ó tó di abiyamọ: káńfọ̀ funfun tí wọ́n ń tò sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ lè fa ibà pọ́njú líle fún àwọn ọmọ kan tí a bí àìlera inú ẹ̀jẹ̀ mọ́, irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Aṣọ tí ìyá fi ìfẹ́ tọ́jú sínú àpótí ni yóò wá bá ọmọ jà. Nígbà tí ọmọ náà bá yè, tí ọrùn rẹ̀ kò le, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan bí igi, àìlera náà yóò bá a dàgbà. Ọpọlọ rẹ̀ kò ní bàjẹ́ sí i, ṣùgbọ́n iṣan tí ó gan àti oríkèé tí ó ń fi ara gbun ara yóò gbó kíákíá. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni ìrìn máa ń le fún ní ọmọ ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣì wà nínú agbára.

Ti abẹ́rẹ́ ìdí náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun à-ń-gbójú-fò. Nígbà tí ibà bá mú ọmọ, tí òbí sì sáré lọ bá ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ dáradára, abẹ́rẹ́ tí ó gbà ní ìdí lè kan okùn ńlá tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ọmọ tí ó wọlé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò jáde pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó ń wọ́ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gún ọmọ ọwọ́ ní itan.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ṣòro jù láti rí ni ọmọ tí kò rọ, tí kò gan, tí kò sì tiro. Inú kíláàsì ni ó wà, orúkọ rẹ̀ sì ni "Ọ̀lẹ." Ife máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè so okùn bàtà rẹ̀. Bí ó bá kọ̀wé, bí ẹni pé adìẹ ta ẹsẹ̀ sí yíǹkì. Nínú súwè ó ń tẹ ìlà. Nínú bọ́ọ̀lù òun ni wọ́n ń yàn kẹ́yìn, bí wọ́n bá tilẹ̀ yàn án. Orí rẹ̀ lè pé ju ti gbogbo wọn lọ, ó lè dáhùn ìbéèrè ìṣirò lẹ́nu kí olùkọ́ tó bèèrè rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò ní fi í hàn. Àwọn onímọ̀ gbà pé bí ọmọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí báyìí. Nínú kíláàsì ọlọ́mọ 40, ìyẹn jẹ́ méjì. Kì í ṣe àìgbọ́ràn, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ọpọlọ wọn kì í tètè to ìṣísẹ̀ ara lẹ́sẹẹsẹ bí ti àwọn yòókù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn ni àìlera náà sì ti ń bá wọn wọ inú àgbà.

Ní Bìrìtìkó, wọ́n ka gbogbo ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹta ọdún 1958 sínú ìwé, bí 17,000 ni wọ́n, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún 7, àwọn olùkọ́ wọn sọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò ràn àti èyí tí ó máa ń kọsẹ̀. Ní ọmọ ọdún 11 wọ́n ní kí wọ́n ya àwòrán, kí wọ́n sì ṣa igi ìṣáná. Ní 2008, Walter Osika àti Scott Montgomery tẹ ohun tí wọ́n rí nínú ìwé náà jáde: àwọn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kò bá ara mu ní kékeré ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ ní ọmọ ọdún 33. Ẹni tí ó ní làákàyè kò ní sọ pé àìlèso-okùn-bàtà ni ó ń mú ènìyàn sanra. Ọ̀nà tí ó ṣeé ṣe kí ó gbà kò sì pamọ́. Wọ́n fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí pápá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta ó jókòó sábẹ́ igi. Ẹni tí ó jókòó sábẹ́ igi ní ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í dìde ní ọmọ ọdún 30 kí ó máa sáré. Lẹ́yìn ìjókòó ni ìsanra ń bọ̀, lẹ́yìn ìsanra ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń kanlẹ̀kùn. Ìtìjú àti ìpayà tí ó ti ń bá a láti kíláàsì kò sì fi í sílẹ̀.

Ẹgba kò tún ọpọlọ tò rí. Olùkọ́ tí ó bá na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítorí ìkọ̀wé rẹ̀ dà bí ẹni tí ó na amúkùn-ún nítorí pé ẹrù rẹ̀ wọ́. Ohun tí ó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí wọ́n gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí ó ṣe apá kan títí yóò fi mọ́ ọn lára kí ó tó bọ́ sí èkejì. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì. Kò sí àgbà tí ó ń kọ́ ọmọ ní gígun ọ̀pẹ tí yóò fi ọ̀pẹ gogoro bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so igbà ni ọmọ kọ́kọ́ ń mọ̀, lẹ́yìn náà bí ó ti ń fi ẹ̀yìn tì í, lẹ́yìn náà ọ̀pẹ kúkúrú. Kí ni ó wá dé tí ìwé kíkọ, tí kò ga tó ọ̀pẹ, fi di ohun tí wọ́n ń fi ẹgba kọ́? Àwọn ọmọ kíláàsì náà sì ní iṣẹ́ tiwọn láti ṣe. Ẹni tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù lè ta ayò, lè lúwẹ̀ẹ́, lè rìn. Kò sí ìdí tí gbogbo eré fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnì kan ti ń borí tí ẹnì kan sì ti ń di ẹlẹ́yà.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ olówó ni gbogbo èyí. Wọn kò purọ́ tán. Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Òkìtìpupa, ti ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, ti egungun wà ní Ìgbóbì ní Èkó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ọjọ́ tí ìyá bá fi wà lọ́nà sì jẹ́ ọjọ́ tí kò tà. Síbẹ̀, ìdádúró ni ó ń gbówó lórí jù. Ọmọ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú láti inú ìyá, bí wọ́n bá gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bí i, ìdì sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí márùn-ún sí mẹ́jọ, ni wọ́n fi ń tún un ṣe, pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ kékeré kan àti bàtà tí yóò máa wọ̀ sùn fún ọdún díẹ̀. Ignacio Ponseti ni ó la ọ̀nà náà. Bí wọ́n bá dúró títí ọmọ yóò fi tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀bẹ àti owó ńlá ni yóò gbà; bí wọ́n bá dúró títí láé, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni yóò fi máa rìn, yóò sì máa fi egbò san owó náà.

Ìdáàbòbò mìíràn sì wà tí kò ju inú ìkòkò lọ. Ẹsẹ̀ tí ń wọ́ nítorí egungun tí kò le pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí kàlísíọ̀mù kò tó nínú oúnjẹ wọn. Ní Nàìjíríà, Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1999 pé kàlísíọ̀mù ni àìtó rẹ̀ ń fa èyí fún ọ̀pọ̀ ọmọ, kì í ṣe àìrí oòrùn. Ní 2015 wọ́n sì fi hàn pé ẹja lílọ̀ t'eegun t'eegun lè wo àrùn náà. Ẹja gbígbẹ kò wọ́n ní ibi tí ọjà Ìgbókòdá kò jìnnà sí. Púpurú dára, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ nìkan kì í kọ́ egungun. Ó sì tọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ìdí tí àwọn ìyá àgbà fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀: májèlé wà nínú rẹ̀ tí omi ń yọ. Ní Mòsáḿbíìkì ní 1981, nígbà tí ọ̀dá mú kí ebi pa àwọn ènìyàn, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò láìrẹ ẹ́ tó, ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ gan lójijì, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹsẹ̀ náà kò tún nà mọ́. Nítòsí ilé, ní Ẹ̀pẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn kọ ìwé ní àwọn ọdún 1960 lórí àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn ń ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ̀gẹ́, tí ojú àti etí wọn sì ń kú lọ, ó sì fura sí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí púpurú yá nítorí ọjà kò ṣe ju pé ó ń ta ọjọ́ méjì tí ó yẹ kí omi ní.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, wọ́n mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lọ́rùn òbí. Ọ̀nà tí ó jìn sí ilé-ẹ̀kọ́ kò kúrò, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà kò sì kúrò. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 sọ pé abarapá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíríámà, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òfin náà ṣe ń rìn kò ní láti lọ sí Àbújá. Kí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sún mọ́ ilé rẹ̀ jù, kí ó ka iye àtẹ̀gùn tí ó wà láàárín ilẹ̀ àti ilẹ̀kùn kíláàsì, kí ó sì bèèrè lọ́wọ́ bíríkìlà kan iye àpò sìmẹ́ńtì àti iyanrìn tí yóò sọ mẹ́ta di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, bí òjò kò bá rọ̀.